Ọdún Mẹ́rin Lẹ́yìn Bàbá Tí Kì Í Gbẹ́ Kànga Nígbà Òjò

Ọdún mẹ́rin rèé, Bàbá! Ọdún mẹ́rin tí a ò gbọ́ ikọ́ yín lẹ́nu ọ̀nà kí ẹ tó wọlé.

Ilé yín ní Ìwó ṣì wà níbi tí ẹ fi í sí, ṣùgbọ́n ó ti yàtọ̀. A ti rẹ́ ògiri ẹ̀yìnkùlé tó ń kọ yín lóminú. Kareemah, àbígbẹ̀yìn yín, ti parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní Kuta. Mujeebah, ìyàwó Badrudeen ọmọ yín, bí ọkùnrin, a sì sọ ọ́ ní Mùkáílà, orúkọ yín. Ṣé ẹ rí wàhálà tí ẹ dá sílẹ̀? Ìyá wa ò lè pe orúkọ ọkọ wọn láti fi bá ọmọdé wí. "Bàbá kékeré" ni wọ́n ń pè é. "Bàbá kékeré, ẹ dákun, ẹ tu iyẹ̀pẹ̀ yẹn dànù lẹ́nu!" Gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rín á ṣàdédé rọlẹ̀, torí gbogbo wa la jọ ṣíjú wo àga yín lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ máa ń wá sójú àlá wa o. Kareemah rí yín pẹ̀lú fìlà funfun, ṣòkòtò yín tutù dé orúnkún, ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ ò sọ nǹkan kan. Ìyá wa rí yín tí ẹ ń ṣe àlùwàlá létí omi kan tí kò ní bèbè. Badrudeen nìkan ni ẹ ò tọ̀ wá. Láàárọ̀, á máa ṣe bí ẹni tó ń ṣeré: "Wọn ò béèrè mi?" Wọ́n á ní rárá. Á gbé dígà rẹ̀, á jáde.

Òun ló di iṣẹ́ yín mú, Bàbá. Òun tí ẹ rò pé ìwé tó kà ní yunifásítì á gbé e lọ! Òun ló ń gbẹ́ kànga káàkiri Ìwó, òun náà ló sì jogún òfin yín tó le jù: ẹ kì í gbẹ́ kànga nígbà òjò. Àwọn kan ní ìgbéraga ni. Ẹ máa ń ṣàlàyé fún wọn pé omi òjò tó ṣì ń rìn lábẹ́ ilẹ̀ lèèyàn máa bá, á rò pé òun ti kan omi. Bó bá di ẹ̀ẹ̀rùn, kànga á ṣófo. Ìgbà tí ilẹ̀ bá gbẹ jù lẹ fẹ́ gbẹ́ ẹ, kí omi tí ẹ bá rí lè jẹ́ èyí tí kò ní lọ.

Ọdún mẹ́ta ni Badrudeen fi tẹ̀lé e. Bí èèyàn bá wá bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ lóṣù keje, ohun kan náà ló máa ń sọ: "Ẹ má bínú, bàbá mi kì í ṣe é." Bíi pé ẹ wà nínú yàrá, tí ẹ ń gbọ́.

Oṣù kẹjọ ọdún tó kọjá ni Màmá Àdúrà dé. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, ọmọ Ìjọ Onítẹ̀bọmi. Wọ́n kọ́lé sí ọ̀nà Olúpọ̀nnà, wọ́n sì fẹ́ kó ẹrù wọ ọ́ kí oṣù yẹn tó parí. Omi nìkan ló kù. Oyún Mujeebah ti tó oṣù mẹ́jọ nígbà náà, Badrudeen kò sì ríṣẹ́ ṣe láti oṣù karùn-ún. Ẹ mọ̀ ọ́n, kò sí ohun tí kì í fi ìrònú tú wò. Ó ní òjò ti dáwọ́ dúró láti ọjọ́ mẹ́wàá. Ó ní oòrùn ń ràn, eruku ti ń sọ lójú títì. Ó ní ẹ̀ẹ̀rùn kékeré ni oṣù kẹjọ. Ó ní òjò lẹ sọ, ẹ ò dárúkọ oṣù kẹjọ. Ló bá gba iṣẹ́ náà.

Ẹ wo bí ọmọ yín ṣe gbọ́n tó, Bàbá!

Ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìndínlógún, omi dé. Ó ń rọra yọ láti ara amọ̀, ó ń bo ọrùn ẹsẹ̀ Badrudeen mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ojú ọ̀run wà lókè bí àwo kékeré. Ohùn ládàánì ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ó ń já bọ́ sínú kànga wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ohun téèyàn ń gbọ́ lójú oorun. Bọ̀dá Afeez, tí wọ́n bá yín fa okùn fún ogún ọdún, yọjú wo ìsàlẹ̀.

"Badru, omi yìí mà yá o."

"Ṣé kò dáa kó yá ni?"

"Mo kàn ní ó yá ni. Okùn lèmi ń fà."

Ibẹ̀ ló ti mọ̀, Bàbá. Ó fọwọ́ tẹ ara ògiri, ó rọ̀, kò tíì kan àpáta rárá. Síbẹ̀ ó gòkè. Màmá Àdúrà fò sókè fún ayọ̀, wọ́n gbàdúrà fún un, wọ́n sì gbàdúrà fún ẹ̀yin tí ẹ bí i. Ó ṣe àmín.

Lóṣù kejì ọdún yìí, kànga náà gbẹ. Garawa ń sọ̀ kalẹ̀, ẹrẹ̀ ló ń gbé bọ̀. Màmá Àdúrà ránṣẹ́ pè é, wọn ò sì bínú. Èyí gan-an ló burú! "Ọmọ mi, ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yìí mà le o. Àmúwá Ọlọ́run ni. Wá bá mi gbẹ́ ẹ sí i, màá sanwó iṣẹ́ rẹ." Ọ̀nà àbáyọ ti ṣí sílẹ̀ gbayawu. Bọ̀dá Afeez ò ní sọ. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ láéláé.

Ó padà sílé lọ́sàn-án yẹn. Ó lọ jókòó ti Ìyá wa níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀wà, ó sì jẹ́wọ́ fún wọn.

"Ká ní Bàbá wà, kí ni wọn ìbá ní kí n ṣe?"

Ìyá wa ò gbójú sókè. "Bàbá rẹ ti lọ, Badru. Wọn ò lè bá ẹ wí mọ́. Ìwọ ńkọ́? Ṣé ohun tí o ṣe yẹn wù ọ́?"

"Kò wù mí."

"Kí lo wá ń bi mí sí?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Màmá Àdúrà. Ó ní ẹ̀bi ẹ̀ẹ̀rùn kọ́. Ó ní òun ti mọ̀ lọ́jọ́ náà pé omi òjò ni, òun sì panu mọ́. Màmá Àdúrà bi í pé:

"O mọ̀, o sì jẹ́ kí n máa gbàdúrà fún bàbá rẹ?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún ju èébú lọ.

"Dìde ńlẹ̀. Mi ò torí ìdọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni ní máàkì rí. Lọ gbé dígà rẹ."

Ọjọ́ mọ́kàndínlógún gbáko, Bàbá, kò sì gba kọ́bọ̀! Bọ̀dá Afeez náà ò gbà. Wọ́n ní àwọn rí i, àwọn sì ṣe bí ẹni tí kò rí i. Badrudeen fi irin àti òòlù gbá àpáta nínú ooru oṣù kẹta, títí omi fi yọ láti inú ihò tóóró kan ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ó tutù bí yìnyín. Ó jókòó síbẹ̀, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sí i, ó gbàgbé pé Bọ̀dá Afeez ń pe òun. Nígbà tó délé, ó ní, "Kareemah, Bàbá ò wá bá mi o. Èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ara mi balẹ̀."

Òjò tún ti dé báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin kan fi ọ̀kadà sáré wọlé, ó ní ká wá gbẹ́ kànga fún òun kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Gbogbo wa dẹtí sílẹ̀ nínú ilé.

"Ẹ má bínú," ni Badrudeen wí. "Èmi kì í gbẹ́ ẹ nígbà òjò. Ẹ padà wá lóṣù kejì."

"Oṣù kejì wo? Ṣé kí n máa lá ìrì dìgbà yẹn ni?"

"Mo gbọ́ yín, sà. Oṣù kejì."

Ọkùnrin náà bínú lọ. Ìyá wa fi etí ìborùn bojú, wọ́n ń sunkún. A bi wọ́n pé kí ló dé. Wọ́n ní, "Kò dárúkọ bàbá yín."

Bàbá, ọjọ́ yẹn la tó mọ̀ pé ẹ ti lọ lóòótọ́. Ó dùn wá! Ó sì dùn mọ́ wa! Ọmọ yín ò fi orúkọ yín lé ẹnikẹ́ni padà mọ́. Bí ẹ bá gbọ́ tí a pe orúkọ yín nínú ilé yìí báyìí, kò sí ohun tí a fẹ́ kí ẹ bá wa ṣe. Àárò yín ló ń sọ wá. A fẹ́ràn yín, Bàbá. A fẹ́ràn yín, a kàn ń pè yín ni.