Orí Fífọ́ àti Àáró Oko Kòkó

Adébùsóyè àbúrò mi, mo kí ọ, mo kí ìyàwó wa àti àwọn ọmọ. Gaàrí wọ́n bí ojú, ṣùgbọ́n ara Bàbá ti le.

O ṣeun tí o ní kí n lọ rí dókítà ní Àkúrẹ́. Orí lónìí, ẹ̀yìn lọ́la: àwọn tí a jọ ń ṣe àáró ní Bọ́lọ́rundúró ti ń pè mí ní ọ̀lẹ. Dókítà ní ìrora ẹ̀yìn tó bá pẹ́ lára lè kó orí fífọ́ àti àìróorunsùn mọ́ra. Nígbà tí àwọn ará àáró náà gbọ́, wọ́n wá bá wa fọ́ kòkó lánàá. Mo ní n kò ní lè san àáró náà padà. Wọ́n ní, "Ta ló bi ọ́? Jókòó jàre."

Fi fọ́tò àwọn ọmọ ránṣẹ́. Ìwọ lo kọ́kọ́ gbà mí gbọ́. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o sọ òtítọ́ kí wọ́n pè é nírọ́.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ,
Ìbídùnní