Obìnrin Tó Wà Lójú Kọ̀ǹpútà Bàbá Rẹ

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni ara? Ṣé iṣẹ́ kò pọ̀ jù? Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá ọ ní àlàáfíà. Ara èmi náà le, orúnkún tó ń dùn mí ti rọlẹ̀. Wá ibi jókòó sí kí o tó ka ìyókù, nítorí ọ̀rọ̀ bàbá rẹ ni.

O rántí pé mo sọ fún ọ pé òyì kọ́ bàbá rẹ, tó ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwẹ̀, tó sì ní kò sí nǹkan. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni mo rí i tó ń fi fóònù ya fọ́tò káàkiri inú ilé bí ẹni tó fẹ́ tà á: bàtà rẹ̀, ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn, títí kan èmi níbi tí mo ti ń ká aṣọ.

Mo bi í léèrè, ó ní òun ń tún ojú kọ̀ǹpútà òun ṣe ni. Á gé fọ́tò kọ̀ọ̀kan kí igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba, á sọ ọ́ di kékeré bí èékánná, á wá fi í rọ́pò àwọn àwòrán kéékèèké tí a máa ń tẹ̀ kí iṣẹ́ tó ṣí. Bàtà rẹ̀ di ibi tó ń kó àwòrán ilé tó ń yà fún àwọn oníbàárà sí. Ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn di ibi tó ń gbà pa kọ̀ǹpútà. Ojú mi di ìnáwó ilé. Ìyẹn pa mí lẹ́rìn-ín. Àmọ́ ó tún pa gbogbo orúkọ tó wà lábẹ́ wọn rẹ́. Kí lèèyàn ń pa orúkọ rẹ́ fún, bí kò bá ní ohun tó ń fi pa mọ́?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń nu tábìlì rẹ̀, ni mo bá rí ojú obìnrin kan láàárín wọn. Kì í ṣe ẹbí wa. Ọ̀dọ́ ni, eyín rẹ̀ funfun, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó mọ ẹni tó ń ya òun dáadáa. Èmi wà nísàlẹ̀, òun wà lókè! Mo tẹ̀ ẹ́. Ohùn obìnrin jáde: “Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ má bẹ̀rù, ẹ rọra. Bí a ṣe ṣe é níjọ́sí náà ni.” Mo yáa pa á kíá.

Bí mo ṣe di ọlọ́pàá nínú ilé ara mi nìyẹn. Bàbá rẹ á ṣí ìwé ìròyìn, kò ní ṣí ojú ewé kejì. Bí fóònù rẹ̀ bá dún pé ọ̀rọ̀ wọlé, á gbé e lọ sí ẹ̀yìn ilé. Mo ní kó bá mi ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò oògùn mi, ó ní awò ojú òun dọ̀tí. Awò tí mo fọwọ́ ara mi nù láàárọ̀! Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, á wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó lọ̀ dáadáa, á ní òun ń lọ rí oníbàárà. Oníbàárà wo ni ayàwòrán ilé ń lọ rí láìmú ìwé kankan dání?

Mo tẹ̀ lé e. Ó gun òkè ilé kan tí wọ́n ti ń ta gíláàsì nísàlẹ̀. Mo ti to èébú tí màá bú wọn sẹ́nu kí n tó dé orí àtẹ̀gùn. Ìlẹ̀kùn ò tì tán. Mo yọjú.

Bàbá rẹ jókòó sídìí tábìlì, obìnrin náà kọjú sí i, bébà wà láàárín wọn. Obìnrin náà ní, “Ẹ fi ìka tọpa ọ̀rọ̀ yìí, sà. Kí lẹ rí?”

Ó tọpa rẹ̀ títí. Ó ní, “Ọ̀pá ni mo rí.” Ohùn rẹ̀ dà bíi ti ọmọ tí tíṣà pè dìde ní kíláàsì. “Ṣé èmi ni mo kọ ọ́?”

“Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, sà.”

Mo na ọrùn wò ó. “Ilé” ló wà níbẹ̀.

Gbogbo èébú náà fò lọ lẹ́nu mi. Ó gbójú sókè, ó rí mi, ó ní, “Wá jókòó.” Olùkọ́ ìwé kíkà ni obìnrin náà, òun ló ṣàlàyé fún mi. Nǹkan kan já nínú ọpọlọ rẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣubú. Ojú rẹ̀ ń ríran, ọwọ́ rẹ̀ ń kọ̀wé, àmọ́ ìwé kíkà ti lọ. Ó lè padà díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ó fi ń fi fọ́tò rọ́pò orúkọ, ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ náà gbà sílẹ̀ fún un ló sì wà lẹ́yìn ojú obìnrin tí mo tẹ̀.

Bàbá rẹ ní, “Bí àwọn oníbàárà bá gbọ́, wọ́n á sá. Mi ò sì fẹ́ di ẹrù lé ọ lórí.”

Mo ní, “Ẹ wá jẹ́ kí n máa rò pé ẹ ti níyàwó míì?”

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀. Olùkọ́ yíjú sójú fèrèsé.

Ọmọ mi, mo mọ̀ pé inú ń bí ọ. Láti ìgbà tí ìwọ àti bàbá rẹ ti jà nítorí ọkùnrin tí o fẹ́ fẹ́, o ti kọ̀wé sí i lórí fóònù láìmọye ìgbà, kò dá ọ lóhùn. O rò pé ó ti kọ̀ ọ́. Àwọn ọ̀rọ̀ rẹ ló ń gbé lọ sí ẹ̀yìn ilé, tó ń wò. Kò lè kà wọ́n, ẹ̀rù ohun tó wà níbẹ̀ kò sì jẹ́ kó fi wọ́n han ẹnikẹ́ni. Lánàá ó gbé fóònù náà lé mi lọ́wọ́. Mo kà wọ́n fún un, láti orí èyí tí o fi bínú títí dé èyí tí o fi bẹ̀bẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, “Tún ti ìkẹyìn yẹn kà.”

Jọ̀ọ́, má kọ̀wé sí i mọ́. Pè é.

Kí Olúwa máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ. Ẹkún ò ní jẹ́ tìrẹ, ilé tí o fẹ́ kọ́ á tòrò.

Èmi ni,
Ìyá rẹ tó ń ro tìrẹ tọ̀sán-tòru.

Mo tún rántí: bàbá rẹ ní kí ìwọ àti ọkùnrin náà ya fọ́tò ránṣẹ́. Ó ní kí ẹ sún mọ́ra dáadáa, kí òun lè gé ẹ̀yin méjèèjì sínú àwòrán kékeré kan ṣoṣo lójú kọ̀ǹpútà òun.