Ọmọ Inú Fóònù Kò Ní Wọ Abẹ́ Àtẹ̀gùn

Olúwadámilọ́lá ọmọ mi,

Báwo ni iṣẹ́, báwo ni ara, báwo ni oorun tí ẹ kì í rí sùn ní Èkó? Ọlọ́run tó mú ọ wọ ìlú náà kò ní gbàgbé àdúgbò tó mú ọ dé. Àlàáfíà la wà ní Inísà, ewúrẹ́ mi ti bí mẹ́ta, gbogbo wọn ló sì ya aláìgbọràn.

Fóònù tí o fi rán Oyèwálé, awakọ̀ Òkukù, ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ó ní o ní kí n fi géèmù tí ẹ ṣe níbi iṣẹ́ yín ṣeré dé ìparí, kí n sọ bóyá ó ń dẹ́rù bani.

Dámilọ́lá, ta ló bí ọmọdébìnrin inú géèmù yẹn? Ọmọ ọdún mẹ́fà, ẹ gbé e sọ sínú ilé oníyàrá mẹ́rìnlélógún láìwọ bàtà, ó ń gbé àtùpà kiri, ó ń wá ìyá rẹ̀. Irú ìyá wo nìyẹn? Ní Inísà, gbogbo àdúgbò ì bá ti bú u tán kó tó di ọ̀sán. Mo fi ìka tọ́ka ilé ìdáná fún ọmọ kó lè jẹun, ó débẹ̀, ó ní kò sí nǹkan kan. Ilé tó tó ààfin, kò sí gààrí! Ẹ̀yin tí ẹ kàwé lẹ kọ́ ọ o.

Iwin yín wá ńkọ́? Ó gùn gbọọrọ, ó ń wò bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Mo ní kó lọ wẹ̀. Ọ̀gá tó ń sanwó fún yín torí ìyẹn, owó ti pọ̀ jù fún un.

Ó wá ku ilẹ̀kùn abẹ́ àtẹ̀gùn. Oyèwálé ní ibẹ̀ ni ìparí wà, kí n tẹ̀ ẹ́. Mo ní kó lọ tẹ ilẹ̀kùn ilé bàbá tiẹ̀. Ọmọ tí kì í gbẹ́sẹ̀ àfi bí mo bá fi ìka hàn án, bí nǹkan bá jẹ ẹ́ níbẹ̀, èmi ni mo rán an! Ó ti di ọjọ́ mẹ́sàn-án tí mo ti fi í jókòó sí ilé ìdáná. Mo sọ ọ́ ní Ìgbẹ́kẹ̀lé, mo fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún àdúrà, ẹgbẹ́ ìyá ìjọ sì gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ Ìsinmi, àlùfáà ní kí òbí ọmọ tó sọnù dìde, kò sẹ́ni tó dìde. Ni Ìyá Morádéyọ̀ tó jókòó tì mí bá gba fóònù lọ́wọ́ mi wò, wọ́n ní àwòrán lásán ni, gbogbo ìjọ sì rẹ́rìn-ín títí agogo fi lù.

Ẹ̀rín wọn kò dùn mí. Ohun tó dùn mí ni bí ọmọ náà ṣe ń pe màámi lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Bí ìwọ ṣe máa ń pè mí gan-an nìyẹn, nígbà tí mo bá pẹ́ dé láti ọjà Ìkìrun. Ìwọ lo kọ́ ọ, àbí? O mọ̀ ọ́n pè nínú fóònù, ọdún mẹ́ta rèé tí o kò tíì dé ilé pè é. Ọ̀nà Inísà kì í ṣe yàrá mẹ́rìnlélógún o, mọ́tò kan ló máa gbé ọ dé.

Wá tẹ ilẹ̀kùn yẹn fúnra rẹ, màá jókòó tì ọ́. Kó o tó dé, fi owó epo jẹnẹrétọ̀ ránṣẹ́, torí bí fóònù bá kú, inú òkùnkùn lọmọ máa wà.

Gbogbo ilẹ̀kùn tí o bá kàn yóò ṣí fún ọ, yàtọ̀ sí ti abẹ́ àtẹ̀gùn.

Èmi ni ìyá tìrẹ, tí kò sọnù.