Ibi Tí Bàbá Sọ Náà Ló Wà

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta

Àgbà tún kú mọ́ wa lọ́wọ́ láàárọ̀ yìí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Àgbà ni mo ń pe kọ̀ǹpútà orí tábìlì ìtajà. Òun nìkan ló mọ gbogbo ọjà inú ṣọ́ọ̀bù àti pẹpẹ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà — lẹ́yìn èmi. Oníbàárà mẹ́rin dúró, wọ́n ń wojú mi. Mo ní kí wọ́n fi òkú ẹ̀rọ sílẹ̀, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n ń wá fún alààyè. Mo sọ pẹpẹ tí ọjà kálukú wà lójú ẹsẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ wọlé lọ, ó ń kó wọn wá níkọ̀ọ̀kan. "Ibi tẹ́ ẹ sọ náà ló wà, Ọ̀gá." Bó ṣe máa ń sọ nìyẹn. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti ń di kọ́kọ́rọ́ ilé ẹrù mú fún mi, orúkọ tí mo fún un nìyẹn.

Ìwé mẹ́rin ni mo kà. Mẹ́rin! Àwọn tó ka mẹ́rìndínlógún ń tò síwájú mi kí wọ́n tó rí rọ́bà ra. Kò sí ẹ̀rọ tí ń fa omi kan ládùúgbò yìí tí nǹkan mi ò sí nínú ikùn rẹ̀.

Àbíkẹ́yìn — ọmọ mi obìnrin tó ń bójú tó ṣọ́ọ̀bù wa kejì — tún ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní ká kó ìwé ọjà kúrò nínú Àgbà, ká gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí òun lè máa rí i láti ọ̀hún. Mo ní kò sóhun tó jọ ọ́.

Ìdí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nǹkan sílẹ̀ láti oṣù tó kọjá: kò sídìí. Ti ọjọ́ orí kọ́. Ó wù mí ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ karùn-ún

Ó pè mí lẹ́ẹ̀marùn-ún lórí fóònù. Ó rẹ̀ mí. Mo gbà fún un.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ keje

Ọmọbìnrin tí Àbíkẹ́yìn mú wá kò ju báyìí lọ. Gíláàsì ojú rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọlé kí òun alára tó dé. Mo sọ ọ́ ní Onígíláàsì. Iṣẹ́ tó ń ṣe jẹun nìyẹn, kíkó ìwé inú kọ̀ǹpútà àtijọ́ lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, mi ò lè parọ́ mọ́ ọn. Ó tú inú Àgbà wò, ó mirí. "Bàbá, ta ló ṣe èyí fún yín?"

Mo ní Tíṣà ni. Ọ̀rẹ́ mi, ó ti dolóògbé. Lọ́dún mọ́kànlélógún sẹ́yìn ló jókòó sí ṣọ́ọ̀bù yìí fún oṣù méjì gbáko, tó kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ohun kan ṣoṣo ni kò ṣe dáadáa: lẹ́tà mẹ́wàá péré ni àyè orúkọ gbà, orúkọ ara páálí sì máa ń gùn ju páálí lọ. Èmi ni mo wá sọ wọ́n lórúkọ. Bóòtù pẹ̀lú nọ́ọ̀tì rẹ̀ — Tọkọtaya. Bóòtù tí kò ní nọ́ọ̀tì — Àpọ́n. Ìkòkò irin tó ń gbé ẹ̀rọ kékeré pọ̀n sẹ́yìn — Abiyamọ. Rọ́bà tó yẹ kó sé omi mọ́nú, tó jẹ́ pé òun gan-an ló ń kọ́kọ́ tú u síta — Olófòófó.

Onígíláàsì rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ gíláàsì kó lè nu omi ojú. Ṣùgbọ́n ó ní orúkọ gidi lòun nílò. 2,316 ni wọ́n. Kí n máa jókòó ti òun láràárọ̀, kí n máa túmọ̀ wọn fún òun.

2,316. Tíṣà, sùn re o.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹjọ

Ó ní ṣé òótọ́ ni mo mọ ibi tí gbogbo wọn wà láìwo kọ̀ǹpútà. Mo ní kó dán mi wò. Ó dárúkọ mẹ́wàá, mo sọ mẹ́wàá. Olófòófó, pẹpẹ 12. Abiyamọ, pẹpẹ 40. Mi ò tiẹ̀ ṣẹ́jú. Ó dìde kó lọ wò ó, Kọ́kọ́rọ́ ní kó jókòó jẹ́ẹ́, ó ní ẹ̀yìn ọ̀hún ṣókùnkùn, eruku á bà á láṣọ jẹ́. Òun fúnra rẹ̀ lọ. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó jáde, òógùn ti bò ó. "Ibi tẹ́ ẹ sọ náà ni gbogbo wọn wà, Ọ̀gá."

Mẹ́wàá nínú mẹ́wàá! Onígíláàsì pàtẹ́wọ́. Mo ní kó wá gbé orí mi lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kó fi Àgbà sílẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkànlá

Orúkọ 340 lónìí. A dé ọ̀dọ̀ ọ̀kan tó ń jẹ́ Adákẹ́. Kí ni mo pè ní Adákẹ́? Mo wò ó, mo wò ó. Kọ́kọ́rọ́ rọra sọ létí mi pé ẹ̀rọ kékeré yẹn ni, èyí tí kì í pariwo. Mo ní ṣé mo bi í ni? Ó ní, "Ẹ má bínú, Ọ̀gá."

Mo mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ó ṣáájú mi ni.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàlá

Orúkọ 190 péré. Ojú ń ro mí. Àgbà kú lẹ́ẹ̀mejì, díẹ̀ ló kù kí n tẹ̀ lé e.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá

Oníkànga wá, ẹni tó ń gbẹ́ kànga fún gbogbo àgbègbè yìí. Ó fẹ́ Olófòófó méjìlá. Mo ní pẹpẹ 31, ibẹ̀ ló ń gbé láti ọjọ́ táláyé ti dáyé. Kọ́kọ́rọ́ wò mí bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó lọ mú un wá. "Ibi tẹ́ ẹ sọ náà ló wà, Ọ̀gá." Oníkànga ní orí tèmi yìí ń ṣiṣẹ́ ju ti àwọn ọmọ òun lọ. Mo ní kó yé fi mí wé ọmọ.

Ẹsẹ̀ wúwo. Mo jókòó sórí páálí sinmi kí n tó lè lọ sílé.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ọjọ́ burúkú.

Onígíláàsì rí nǹkan kan nísàlẹ̀ ìwé Tíṣà, níbi tẹ́nikẹ́ni kì í dé. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá yí pẹpẹ ọjà padà ni Àgbà ń kọ ọ́ síbẹ̀: ọjọ́, wákàtí, ẹni tó yí i. Tíṣà kọ Olófòófó sí pẹpẹ 26 lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ kọ ọ́. Ó sì wà níbẹ̀ jẹ́ẹ́ fún ọdún mọ́kàndínlógún. Láti ọdún méjì yìí ó ti kó kiri ju ayálégbé lọ. Òun àti ọ̀pọ̀ mìíràn. Ìyípadà 412, gbogbo rẹ̀ ní àkókò tí à ń palẹ̀ mọ́, gbogbo rẹ̀ lábẹ́ orúkọ Kọ́kọ́rọ́. Kò sí ìdí kankan níbẹ̀. Onígíláàsì ní ètò tuntun kì í gba ìyípadà tí kò ní ìdí, ohun tó jẹ́ kí òun béèrè nìyẹn. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi béèrè. Kọ́kọ́rọ́ wà níbẹ̀. Ilẹ̀ ló ń wò.

Mo ní kó sọ̀rọ̀. Mo ní ta ló ń yí ẹrù olówó padà nígbà tí gbogbo èèyàn bá ti ń lọ sílé, bí kò ṣe olè? Ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu mi báyìí, olè, lójú ọmọ kékeré. Mo ní kó kó kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀.

Ó yọ wọ́n nídìí ṣòkòtò, ó rọra gbé wọn sórí tábìlì kí wọ́n má baà dún. "Ó dàbọ̀, Ọ̀gá."

Àbíkẹ́yìn pè, ó ń pariwo: "Bàbá mi, kí ló sọnù?" Mo ní a máa kà á lọ́la.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Èmi, Àbíkẹ́yìn, Onígíláàsì. A ka ilé ẹrù láti àárọ̀ títí tí oòrùn fi rọ̀. Kò sí ohun tó dín. Bóòtù kan ṣoṣo kò dín.

Mo lọ sí pẹpẹ 18 níbi tí Olófòófó ń gbé, Àpọ́n ni mo bá níbẹ̀. Ẹ wo ìwà! Orí 31 la ti wá rí i. Àbíkẹ́yìn wo Onígíláàsì. Onígíláàsì wo bàtà rẹ̀.

Ó rẹ̀ mí dé inú eegun.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Onígíláàsì ti tẹ ìyípadà 412 náà jáde sórí ìwé fún mi. Mo gbé e jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́sàn-án yìí, pẹ̀lú bírò pupa, kí n lè mú olè mi dáadáa. Mo fẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan tó yí nǹkan padà, ni mo bá ṣí ìwé yìí sẹ́yìn.

Ọjọ́ kẹjọ. Èmi ni mo kọ ọ́: Olófòófó, pẹpẹ 12. Abiyamọ, pẹpẹ 40. Mo wo ìwé Onígíláàsì. Ọjọ́ kẹjọ: Olófòófó, láti 9 sí 12. Abiyamọ, láti 33 sí 40. Mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló wà níbẹ̀.

Ọjọ́ kẹrìnlá. Èmi ni mo kọ ọ́: pẹpẹ 31, láti ọjọ́ táláyé ti dáyé. Ìwé Onígíláàsì: láti 12 sí 31.

Àná mo kọ 18.

Ọwọ́ mi ló kọ ọ́. Kò sẹ́ni tó fi í sí mi lẹ́nu. Mo kà á bí ẹ̀ẹ̀marùn-ún, mo fi ìka tọ̀ ọ́. Bírò pupa bọ́ sílẹ̀, mi ò mú un.

Mo pe Ìyá Ilé. Mo ní ṣé ó mọ̀? Aya mi kì í parọ́ fún mi, ìyẹn ni wàhálà rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ta lẹ rò pé ó ń gbé gíláàsì yín sórí tábìlì láràárọ̀?" Mo ní èmi ni. Ó ní nínú àpótí ìyẹ̀fun lòun ti rí i lánàá. Ó ní ó ti tó ọdún méjì. Lẹ́yìn náà ló lọ bu omi wá fún mi.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìdínlógún

Mi ò ṣí ṣọ́ọ̀bù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkàndínlógún

Mo lọ sílé Kọ́kọ́rọ́. Ìyàwó rẹ̀ kí mi, kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó gbé àga tó dára jù fún mi. Ọkọ rẹ̀ ń tún ilẹ̀kùn ṣe. Mo ti to ọ̀rọ̀ sẹ́nu láti ilé. Gbogbo rẹ̀ fò lọ. Mo kàn gbé kọ́kọ́rọ́ lé orókùn rẹ̀, mo ní kí ló dé tí kò sọ fún mi.

Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ fi pẹpẹ hàn mí lọ́jọ́ tí mo débẹ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ máa fi hàn yín? Iwájú oníbàárà lẹ ti ń sọ ọ́. Ó rọ̀ mí lọ́rùn kí n gbé páálí ju kí n ní ẹ ṣì í sọ."

Ìrinwó ó lé méjìlá. Mo ní ẹ̀yìn rẹ̀ ńkọ́? Ó ní ó ń dun òun díẹ̀ ṣá. Ni a bá rẹ́rìn-ín, àwa méjèèjì, bí òmùgọ̀.

Mo ní kó má bínú. Mi ò rántí ìgbà tí mo sọ ọ́ fún èèyàn gbẹ̀yìn, èyí kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbàgbé.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlélógún

Látàná ni Kọ́kọ́rọ́ ti ń gbé páálí. Mi ò bi í. Àwọn orúkọ tí mi ò mọ ìtumọ̀ wọn mọ́, òun ló sọ ọ́. Mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún ni wọ́n. Ó ń sọ̀rọ̀, mò ń gbọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìlélógún

A kó o lọ lónìí. Gbogbo 2,316, pẹ̀lú orúkọ gidi àti orúkọ tí mo sọ wọ́n — Onígíláàsì ní òun kò lè pa Olófòófó rẹ́. Ó wá ku ìdí ìyípadà 412. Ó ní kí lòun máa kọ síbẹ̀.

Kọ́kọ́rọ́ yára dáhùn pé kó kọ ọ́ pé à ń tún ilé ẹrù tò. Àbíkẹ́yìn náà ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, títò ni, títò ni."

Mo ní rárá. Mo ní ta ló ni ṣọ́ọ̀bù yìí? Wọ́n ní ẹ̀yin ni. Mo ní tó bá jẹ́ èmi ni, kí wọ́n kọ ọ́: Bàbá ló sọ bẹ́ẹ̀.

Kọ́kọ́rọ́ bẹ̀ mí. "Ọ̀gá, gbogbo àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì ló máa rí i o." Mo ní kí wọ́n rí i. Ẹni tó bá rí ẹrù tó ń rìn nígbà irinwó ó lé méjìlá láìsí ìdí, olè ló máa pe ẹni tó gbé e. Èmi náà pè é bẹ́ẹ̀. Kò tún sẹ́ni tó máa pè é bẹ́ẹ̀ mọ́.

Mo ní kí n tẹ àkọ́kọ́ fúnra mi. Ìka kan. Ó pẹ́, ṣùgbọ́n kò sí àṣìṣe níbẹ̀, ìwé mẹ́rin kì í ṣe eré. Onígíláàsì fi ìyókù kún un lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá ló sọ bẹ́ẹ̀. Bàbá ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó kún ojú kọ̀ǹpútà láti òkè délẹ̀. Àbíkẹ́yìn lọ dúró síta fúngbà díẹ̀.

A pa Àgbà. Lónìí, kò kú fúnra rẹ̀.

A ò tíì ká wáyà rẹ̀ tán tí Oníkànga fi dé. Olófòófó mẹ́fà. Gbogbo wọn wò mí. Pẹpẹ kan ti wà lórí ahọ́n mi, ó dá mi lójú bí orúkọ bàbá mi. Mo gbé e mì.

Mo ní, "Kọ́kọ́rọ́, níbo ló wà?"

Ó ti mú kọ́kọ́rọ́ dání.

"Pẹpẹ 26, Ọ̀gá. Mo ti dá a padà síbi tẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé e sí."

Mo kọ ọ́ síbí. 26.