Ilé Onítáyà Bọ̀dá Kàsúmù

                                                  Agboolé Jìbírílù,
                                                  Ẹ̀yìn Ọjà,
                                                  Ọ̀wọ̀.
                                                  14 Oṣù Kẹjọ, 1982.

Babáyẹmí, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n ju ẹran Iléyá lọ,

Ṣé o wà dáadáa ní Ute? Ìyá rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀? Àwọn àbúrò rẹ ńkọ́, àti iṣu tí ẹ ń jẹ tí ẹ kì í fi ránṣẹ́? Àwa ń mí níbí. Òjò ti lu wá débi pé àwọn adìẹ ń kọ́ lílúwẹ̀ẹ́. Nígbà tí o kó kúrò nílé wa, o ní kí n máa fi ìròyìn ránṣẹ́. Ó yá, fìdí kalẹ̀.

O rántí Bọ̀dá Kàsúmù káfíńtà, tó ń gbé yàrá ẹ̀gbẹ́ kànga. Ìyàwó rẹ̀, Àǹtí Sàlímọ́tù ọmọ àdúgbò yín ní Ute, ló ń ru aṣọ lọ tà ní ọjà Imoru àti Idoani, ẹ̀yìn ìsọ̀ ló sì ń sùn. Nínú òjò èṣí, oyún bàjẹ́ lára rẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù ní Idoani. Ó wá sọ fún ọkọ rẹ̀ pé òun kò sun ìsọ̀ mọ́. Bí òjò ọdún yìí bá tún bá òun níta, ilé bàbá òun ni òun ń lọ.

Bọ̀dá Kàsúmù rí àwòrán kan nínú ìwé òyìnbó tí akẹ́kọ̀ọ́ Poli kan gbàgbé sọ́dọ̀ rẹ̀: ilé kékeré orí táyà méjì, tí mọ́tò ń fà, tí tọkọtaya ń sùn sí. Ó rí bí ẹ̀kán omijé, orí rẹ̀ tóbi, ìdí rẹ̀ ṣóńṣó. Ó ní òun yóò kan irú rẹ̀, ọkọ̀ ìjàpá òun ni yóò máa fà á, ẹ̀yìn ìyàwó òun kò sì ní kan ilẹ̀ mọ́.

Kí àwọn káfíńtà yòókù má baà jí iṣẹ́ rẹ̀ wò, àárín agboolé ló ti kàn án. Oṣù mẹ́ta gbáko. Ó rẹ pákó sómi títí ó fi tẹ̀ bí ọrun, ó fi páànù bò ó, wẹ́dà jó irin sí i nídìí. Òógùn rẹ̀ nìkan ì bá kún kànga. Ó wọn ẹnu ọ̀nà ìta: fífẹ̀ rẹ̀ gbà, gíga rẹ̀ gbà.

Ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Kí èèyàn tó dé ẹnu ọ̀nà, ó ṣẹ́ bí ìgbọ̀nwọ́. Kò sí òkú tí a gbé jáde nílé yìí tí a kì í nà ró níbẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ kí wa pé ó dàbọ̀. Bọ̀dá Kàsúmù fúnra rẹ̀ ti di ẹsẹ̀ òkú mú níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Síbẹ̀, kò wọn ìgbọ̀nwọ́.

Gbogbo ilé ló rí i, a dákẹ́. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ló kọ́kọ́ fẹ́ kó gùn, ìyẹn ì bá sì fi agbára káká yí kọjá. Èmi ni mo ní, “Bọ̀dá, ṣé kí ẹsẹ̀ yín máa yọ síta bíi ti ọ̀pọ̀lọ́ ni? Ẹ jẹ́ kó gùn sí i.” Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó fi ẹsẹ̀ bàtà méjì kún un. Mo dé ẹ̀yìn ilé, mo rẹ́rìn-ín títí ìfun mi fẹ́ já. Ṣebí òun ló gbá mi létí lójú gbogbo ayé nítorí ìṣó mẹ́rin péré tí mo mú láti fi kan ọmọlanke mi.

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, tí ọjà Idoani bọ́ sí, wọ́n tì í. Àǹtí Sàlímọ́tù ti tẹ́ ẹní sínú rẹ̀. Ilé náà dé ìgbọ̀nwọ́, ó há. Wọ́n tú táyà, ó há. Wọ́n fẹ́ nà á ró bí òkú, òrùlé kọ̀. Bọ̀dá Kàsúmù bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kí òun wó ògiri. Bàbá Jìbírílù, olórí ilé wa, ní, “Ẹsẹ̀ ògiri yẹn la sin bàbá mi sí. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ọkọ́ kàn án, kó kọ́kọ́ gbẹ́ sàréè tèmi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.” Èmi wá ní bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ti ilé wa yìí kọ̀. Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín títí ọ̀kan fi jókòó sílẹ̀. Ìgbín ni à ń pe Bọ̀dá Kàsúmù báyìí.

Àǹtí Sàlímọ́tù kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. Ó ká ẹní rẹ̀, ó fi ẹ̀gbẹ́ yọ́ kọjá lára ilé náà, ó wọ ọkọ̀ Ute. Ìgbín fa ilé náà padà sí àárín agboolé. Inú rẹ̀ ló ń gbé. Bí òjò bá ń rọ̀, à ń gbọ́ bó ṣe ń fọwọ́ pa òrùlé láti inú, tó ń wá ibi tó ń jò. Kò síbi tó ń jò.

Lánàá ó pè mí. Kò mọ̀wé, ó sì ní èmi nìkan ni òun fọkàn tán, torí èmi nìkan ló gba òun nímọ̀ràn nígbà tí òun ń kàn án. Ó ní kí n kọ̀wé sí ìyàwó òun pé kó mú sùúrù di Iléyá. Òun yóò tú u ní pákó kọ̀ọ̀kan, òun yóò sì tún un kàn níta. Ohun tí mo kọ ni pé kó dúró sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, ẹlòmíràn ti ń sùn nínú ilé náà. Ó tẹ àtàǹpàkò sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó ní kí Ọlọ́run bù kún ọwọ́ mi.

Ìwé náà wà nínú àpòòwé yìí. Àǹtí Sàlímọ́tù náà kò mọ̀wé, ìwọ ni yóò pè. Kà á bí mo ṣe kọ ọ́, má rẹ́rìn-ín, kí o sì sọ fún mi bí ojú rẹ̀ ṣe rí.

Bá mi kí ìyá rẹ àti gbogbo ilé. Láti àárọ̀ ni Ìgbín ti ń yọ ìṣó, tó ń lù wọ́n tọ́ lórí òkúta lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fún mi ní mẹ́rin nítorí lẹ́tà tí mo bá a kọ. Mo ti fi kan ọmọlanke mi. Ó gba ìgbọ̀nwọ́ kọjá wẹ́rẹ́.

                                                  Èmi ni tìrẹ, bó dùn bó kan,
                                                  Mùnírù.