Ìlà Pupa Tó Gbé Ṣọ́ọ̀bù Ìyá Aránṣọ Mì

Àkọ́bí mi, ọkọ mi,

Kí n tó béèrè àlàáfíà rẹ, jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọdún gbọọrọ: èmi ìyá rẹ kò dáhùn ìbéèrè máàpù nínú ìdánwò Jọ́gíráfì tí mo fi ń yangàn sí ọ. Mo fò ó ni. Lọ́jọ́ tí o gbé òdo wálé tí mo ní ta lo tilẹ̀ jọ, ọkọ mi, èmi gan-an lo jọ. Má bínú. Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Olúwa kò ní jẹ́ kí o ṣìnà láàárín èrò ìgboro yẹn. Bàbá rẹ ń kí ọ, ẹ̀yìn ń dùn ún díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu kò dùn ún rárá.

Máàpù náà ló tún fa ọ̀rọ̀ yìí. Ìjọba lẹ ọ̀kan mọ́ ara ògiri ilé ìwòsàn wa, wọ́n fa ìlà pupa sí i pé ibẹ̀ ni ọ̀nà tuntun máa gbà, àdúgbò wa gan-an ni ìlà náà sì gbà kọjá. Gbogbo ènìyàn ní kí n wá kà á fún wọn, ṣebí èmi ni mo kàwé. Kí ni mo fẹ́ sọ?

Wọ́n kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé sẹ̀ǹtímítà kan lórí ìwé jẹ́ ìdajì kìlómítà lórí ilẹ̀. Mo fi rúlà àbúrò rẹ wọn ilé ìwòsàn sí ilé wa, sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta, mo ní kìlómítà kan àbọ̀ nìyẹn. N kò gbà á gbọ́. Ìṣísẹ̀ mi mẹ́rin jẹ́ mítà mẹ́ta, mo bá fi ẹsẹ̀ rìn ín, mo ń kà á sókè, àwọn ènìyàn ń kí mi, n kò dáhùn kí n má baà gbàgbé iye, wọ́n ní mo ti ń gbéraga. Ẹgbẹ̀rún méjì ìṣísẹ̀, ó lé díẹ̀! Ìwé pẹlẹbẹ tí kò kúrò lára ògiri mọ iye ìṣísẹ̀ mi! Láti ọjọ́ náà n kò jókòó mọ́, mo wọn odò, mo wọn ilé ìwé, mo wọn ilé ìyá bàbá rẹ, mo sì rí i pé kò jìnnà tó bí mo ṣe máa ń sọ fún wọn.

Mo tilẹ̀ yẹ ti inú fóònù tí o rà fún mi wò. Mo fi ìka méjì ya ojú rẹ̀, ilé wa bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi, mo pe bàbá rẹ pé kó sáré wá wo bí ilẹ̀ wa ṣe ń fẹ̀. Ó ní kí n lọ fi ìka ya ìkòkò ọbẹ̀ náà, bóyá ẹran á pọ̀ sí i.

Ibi tí mo ti bà á jẹ́ ni ìbú ìlà pupa náà. Mo gbé rúlà lé e, mílímítà méjì. Mo ṣírò rẹ̀, ọgọ́rùn-ún mítà! Mo ní irú ọ̀nà wo nìyí, ṣé bàálù ló fẹ́ máa gbà á ni? Ṣùgbọ́n rúlà ti sọ òótọ́ fún mi lẹ́ẹ̀kan, mo bá tún gbà á gbọ́. Ṣọ́ọ̀bù Ìyá Aránṣọ, opó tó kọjú sí ilé wa, wà lábẹ́ ìlà náà gbáko. Mo sọ fún un. Ó sunkún, ó ní kí n tún un wọ̀n, mo tún un wọ̀n. Ló bá kó ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní abúlé kejì, ó ní kí káfíńtà wá ra páànù àti pákó ṣọ́ọ̀bù náà ní owó tí kò tó nǹkan, kí katakata ìjọba tó dé. Aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ọ̀la ni àwọn méjèèjì ń bọ̀, káfíńtà á sanwó, á sì máa tú u.

Àná ni ara mi kò gbà á mọ́. Ọ̀nà àtijọ́ tó wà lẹ́nu ilé wa náà wà nínú máàpù, ìlà dúdú, mílímítà kan. Àádọ́ta mítà nìyẹn. Mo mú téèpù tí Ìyá Aránṣọ gbàgbé sọ́dọ̀ mi, mo wọn ọ̀nà náà láti gọ́tà dé gọ́tà. Mítà mẹ́fà! Mo dúró sáàárín ọ̀nà, àwọn ọlọ́kọ̀ ń bú mi, mo ń ṣírò. Bí wọ́n bá fa mítà mẹ́fà sórí máàpù bó ṣe rí gan-an, kò ní fi bẹ́ẹ̀ ju irun orí lọ, ta ni yóò rí i? Gígùn ìlà ni òótọ́, ìbú rẹ̀ kàn wà kí ojú lè rí i ni.

Lónìí mo sáré lọ bá akọ̀wé ìjọba. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú, ó ní mítà méjìlá péré ni ọ̀nà tuntun, ó ní ṣé ìyá kò rí àwọn èèkàn tí wọ́n rì sínú pápá láti fi sàmì sí etí ọ̀nà náà ni. Ọkọ mi, mo ti rí wọn, ewúrẹ́ ni mo ń so mọ́ wọn. Mo gbé téèpù léra léra láti ìdí èèkàn dé ẹnu ṣọ́ọ̀bù náà, ogójì mítà. Ọ̀nà náà kò tilẹ̀ ní fọwọ́ kàn án.

Mo pe Ìyá Aránṣọ lẹ́ẹ̀marùn-ún, fóònù rẹ̀ kò lọ. Bàbá rẹ ní kí n sọ pé ìjọba ló yí máàpù padà, kí n má sọ ara mi di ẹlẹ́yà. Kí n má purọ́ fún ọ, mo rò ó wò, mo rò ó wò gan-an.

Jọ̀wọ́, fi ìwọ̀nba owó ránṣẹ́, owó ọkọ̀ tó máa gbé ẹ̀rọ náà padà wálé, nítorí èmi ni mo lé e lọ. Ọlọ́run á fẹ ọ̀nà rẹ ju bí ìlà pupa yẹn ṣe fẹ̀ lójú mi lọ, wàá lọ ire, wàá bọ̀ ire.

Lọ́la, kí aago méje tó lù, n ó ti gbé àpótí ìjókòó mi sẹ́nu ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù náà. Bí káfíńtà bá gbé òòlù dé, èmi ni yóò kọ́kọ́ bá níbẹ̀, n ó sì sọ fún Ìyá Aránṣọ lójú gbogbo àdúgbò pé kò sí ọ̀nà kankan tó fẹ́ gba orí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, èmi ni mo ṣì í wọ̀n.

Ìyá rẹ ni.