Ìràwọ̀ Tí Mo Wò fún Àbúrò Yín

Bàbá mi, ẹni ẹ̀yẹ mi,

Ẹ̀yin nìkan ni mo lè sọ èyí fún láìbojúwẹ̀yìn. Ojú ń tì mí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Àǹtí Bọ́lá, àbúrò yín, wá kí wa láti Ìpele. Kókó kan wà ní ọyàn wọn, dókítà sì ti ní òun gbọ́dọ̀ yọ ọ́ kíákíá. Wọ́n fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. “Ìwọ tó o mọ̀ ọ́n wò, bá mi wo ìràwọ̀ mi. Ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n fọ̀bẹ kàn mí?”

Bàbá, ẹ̀yin lẹ sọ fún gbogbo Ìpele pé ọmọ yín ń wo ìràwọ̀. Iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì ni mò ń ṣe, kì í ṣe iṣẹ́ awo; kúásà ni orúkọ ohun tí mò ń wò. Ó jọ ìràwọ̀ lójú, àmọ́ kì í ṣe ìràwọ̀; àárín agbo ìràwọ̀ kan tó ń tàn gan-an ni. Ó jìnnà débi pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tí à ń rí báyìí ti gbéra kí ayé yìí tó wà. Tí ìmọ́lẹ̀ yẹn bá gba ẹ̀gbẹ́ ohun tó wúwo kọjá, ó máa ń tẹ̀. À ń wọn bó ṣe tẹ̀, ká lè mọ̀ bóyá agbára tó ń fa kòkó wálẹ̀ lóko yín ń ṣe bákan náà lọ́hùn-ún. Bó ti wù kó dá wa lójú tó, a kì í gbà á gbọ́ láìdán an wò.

Àmọ́ mo wo ojú Àǹtí, mo ní ìràwọ̀ wọn ń tàn. Mo rò pé ìtùnú ni. Inú wọn dùn, wọ́n tiẹ̀ jó díẹ̀. Àná ni ọmọ wọn pè mí pé wọn ò lọ sí ọsibítù mọ́. Wọ́n ní èmi ni mo sọ pé kò séwu.

Ṣé ẹ mọ̀ pé bí àwọn èèyàn ṣe gbọ́ “ó ń wo ìràwọ̀” tẹ́ ẹ sọ nìyẹn? Àbí bẹ́ẹ̀ lẹ̀yin náà ṣe gbọ́ ọ? Ẹ máa ń bi mí bóyá òjò á tètè dé kẹ́ ẹ tó gbin iṣu. Mo máa ń rẹ́rìn-ín ni. Ó dùn mọ́ mi bẹ́ ẹ ṣe ń fi mí yangàn, mi ò fẹ́ bà á jẹ́.

Lọ́la, mò ń lọ sí Ìpele. Mo máa sọ ọ́ lójú ẹbí pé irọ́ ni mo pa, pé mi ò lè rí nǹkan kan nípa ẹnikẹ́ni lókè. Wọ́n lè ní ẹ̀yin náà purọ́ nípa mi. Kí wọ́n wí i, Bàbá. Kí Àǹtí ṣáà ti bá mi wọ mọ́tò lọ sí ọsibítù.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín síbẹ̀.